Ojúde Ilé, Ta Ló Ni Ín? Àlàyé Lórí Òfin Tó De Ọ̀ṣọ́ Ọdún ní Ìbàdàn

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tàbí bí Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ará Ìbàdàn: ṣé dandan ni kéèyàn gba àṣẹ kó tó so iná ọdún síwájú ilé rẹ̀? Ẹnì kan á ní rárá o, ilé ẹni nilé ẹni. Ẹlòmíràn á ní àwọn kan tó pe ara wọn ní òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ti gbowó lọ́wọ́ òun rí. Ẹni kẹta á ní ẹgbẹ́ onílé àdúgbò òun ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so ohunkóhun mọ́ géètì. Ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ òótọ́.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé kò sí òfin kan ṣoṣo tó ń jẹ́ òfin ọ̀ṣọ́ ọdún nílùú yìí. Ó fọ́n ká ni. Díẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, díẹ̀ wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn, díẹ̀ wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ iná, díẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tí ayálégbé fọwọ́ sí, díẹ̀ sì wà lẹ́nu Mógàjí tó jẹ́ olórí ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun dúró sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni: níbo ni mo gbé ọ̀ṣọ́ yìí sí? Ibi tí nǹkan wà ló ń sọ òfin tó mú un, ògiri ọgbà yín sì ni ààlà.

Ẹ jẹ́ ká ti inú ilé bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wà nínú ọgbà yín, tí kò pariwo, tí kò tànmọ́lẹ̀ gbàgà sójú fèrèsé aládùúgbò, tí kò sì fẹ́ wó lu ẹnikẹ́ni, kò sí ọ́fíìsì kankan tí ẹ ní láti gbàṣẹ níbẹ̀. Igi Kérésì ní bàráńdà, iná alámì òṣùpá àti ìràwọ̀ nígbà àwẹ̀, bàlúùnù lápá inú géètì, aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun lọ́jọ́ Òmìnira: ẹ ṣe é bó ṣe wù yín. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 dáàbò bo ilé olúkúlùkù. Abala 38 sì fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn wa, yálà ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀.

Àmọ́ kí ẹ tó pe ibẹ̀ ní tiyín, ó yẹ kó jẹ́ tiyín lóòótọ́. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ lọ ka ìwé àdéhùn yín kí ẹ tó kan ìṣó. Púpọ̀ nínú àdéhùn tí lọ́yà àti ajẹ́ǹtì ń kọ ló ní gbólóhùn kan nínú pé ayálégbé kò gbọdọ̀ lu ògiri, kò gbọdọ̀ kun ilé, kò sì gbọdọ̀ yí nǹkan kan padà lára ilé láìjẹ́ pé onílé fọwọ́ sí i. Iná tí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ fèrèsé kò lè bí onílé nínú. Ìṣó tí ẹ kàn mọ́ ògiri ìta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ìyẹn di nǹkan mìíràn. Onílé lè ní kí ẹ tún un ṣe, tàbí kó yọ ọ́ nínú owó ìdógò yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá tàbí màmá onílé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dáhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn wọn ti di ẹ̀rí nìyẹn.

Nínú ilé tí yàrá kọjú síra wọn, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo mítà kan, ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ kò kan ìjọba rárá. Yúnìtì iná ló máa ń dá a sílẹ̀. Màmá yàrá kejì á ní iná Kérésì tẹni iwájú ló jẹ yúnìtì tí wọ́n jọ dáwó rà. Ó yẹ kí ẹ mọ iye tí iná yín ń jẹ, kí ẹ lè fi ọgbọ́n sọ̀rọ̀. Okùn iná LED kékeré kan tó ń jẹ wáàtì 10, bí ẹ bá tàn án fún wákàtí 6 lálaalẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, yúnìtì 1.8 ni yóò jẹ, kò tó méjì. Gílóòbù àtijọ́ aláwọ̀ pupa àti ewé, tó máa ń gbóná bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, máa ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ẹ gbé páálí iná náà síta, kí gbogbo ilé ka wáàtì tí wọ́n kọ sí i, kí ẹ dá owó yúnìtì yẹn san lọ́tọ̀. Mo ti rí i tí èyí parí aáwọ̀ tí ó fẹ́ di ti àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀rọ̀ agboolé tún yàtọ̀. Ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Òjé, ní Kúdẹtì, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní ọgbà rárá. Ilẹ̀ ẹbí ni, ojúde tí ọmọdé ti ń ṣeré ni ọ̀nà tí gbogbo agboolé ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà sì ni sàárè àwọn baba lè wà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè dá ojúde agboolé lọ́ṣọ̀ọ́ kó ní tòun ni. Mógàjí ni olórí ẹbí, òun ni ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ ilé tó ga jù níbẹ̀. Òfin Mógàjí kì í sí lórí ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹbí lábẹ́ àṣà jẹ́ ohun tí kọ́ọ̀tù ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì máa ń dá ẹjọ́ lé lórí. Ohun kan tún wà tí àlejò kì í mọ̀: bí ẹ bá rí màrìwò ọ̀pẹ ní ẹnu ọ̀nà kan nígbà ọdún Egúngún, ẹ má pè é ní ọ̀ṣọ́ tó ti gbẹ tí ẹ fẹ́ bá wọn tún ṣe. Àmì ni. Ẹ má ja á, ẹ má sì so iná mọ́ ọn. Okùn iná tí ẹ bá sì ta kọjá ọ̀nà agboolé, ẹ gbé e ga dáadáa, nítorí egúngún tó ru ẹrù sórí á gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn tó ń gbé ilé ìjọba, bí ilé òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí bárékè ológun, ẹni tó fún wọn ní ilé ni kí wọ́n bi. Ìlànà tiwọn dá dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká jáde sí ìta, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá ṣí géètì, àlàfo kan wà láàárín ògiri yín àti títì: síláàbù tí mọ́tò ń gbà wọlé, gọ́tà, àti ilẹ̀ pẹlẹbẹ tí ẹ gbin òdòdó sí. Ẹ̀yin lẹ ń gbá a, ẹ̀yin lẹ sanwó síláàbù, ó sì jọ pé tiyín ni. Ẹ mú ìwé sọ́fè ilẹ̀ yín jáde, kí ẹ wo ibi tí òkúta ààlà tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀ parí sí. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ògiri ọgbà ló parí sí. Àlàfo iwájú yẹn jẹ́ ara ọ̀nà, ọ̀nà sì wà lábẹ́ ìjọba. Àfikún kẹrin nínú ìwé òfin ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣíṣe àti títọ́jú òpópónà, gọ́tà, iná ojú pópó àti ọgbà ìgbafẹ́ wà nínú rẹ̀, àkóso pátákó ìpolówó ìta gbangba náà sì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ fi lè bá yín sọ̀rọ̀ lórí igi Kérésì tí ẹ gbé sórí gọ́tà, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lórí èyí tó wà ní bàráńdà.

Ìjọba ìbílẹ̀ wo? Mọ́kànlá ló wà ní Ìbàdàn, márùn-ún láàárín ìgboro, mẹ́fà ní ẹ̀yìn ìlú. Bódìjà wà lábẹ́ Àríwá Ìbàdàn, Mọníyà wà lábẹ́ Akínyẹlé. Ẹni tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn kò ní àṣẹ ní àdúgbò yín, ohun yòówù kó wọ̀ sọ́rùn.

Ohun tó bá dí ọ̀nà kúrò ní ọ̀rọ̀ ìbáwí lásán. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù ilẹ̀ wa jogún ka kíkọ́ ohun tó dúró gbọin-gbọin sójú ọ̀nà sí ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún ka lílo ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀nà tó pọ̀ jù, tí ará ìlú kò fi rí ibi kọjá, sí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà, ó sì lè mú ẹ̀wọ̀n ọdún méjì dání. Báyìí ni ọ̀rọ̀ kánópì ọdún ṣe wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ta kánópì sójú títì lọ́jọ́ ọdún, ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ yín ṣáájú, ẹ gba ìwé, ẹ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín, ẹ sì fi àyè sílẹ̀ tí ọkọ̀ panápaná lè gbà. Kí ẹ tó rò pé àyè ọkọ̀ panápaná pọ̀ jù, ẹ rántí bí ọ̀nà Ìbàdàn ṣe há tó.

Gọ́tà ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìlú yìí mọ ohun tí gọ́tà tó dí lè ṣe. Odò Ògúnpa kún bo ilé mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ẹ̀mí púpọ̀ sì lọ; ẹ̀kún omi tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Bàlúùnù, nylon, fóòmù funfun tí wọ́n fi ń gẹ́ lẹ́tà, rìbọ́nì dídán, kò sí èyí tí ń jẹrà nínú wọn. Ní oṣù Kejìlá, kò sí òjò, wọ́n á kàn jókòó sínú gọ́tà títí oṣù Kẹrin. Iléyá ní tirẹ̀ ti ń bọ́ sí oṣù Karùn-ún àti Kẹfà lẹ́nu ọdún mẹ́ta yìí, nígbà tí òjò ń rọ̀ gan-an. Ẹ tú ọ̀ṣọ́ yín fúnra yín bí ọdún bá parí, kí ẹ kó o sínú àpò ìdọ̀tí. Ẹ má dúró de atẹ́gùn kó bá yín tú u.

Òpó iná ni ọ̀rọ̀ tó kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á. Òpó tó wà níwájú ilé yín, ti IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, ni, bó ti wù kó sún mọ́ géètì yín tó, kódà bó bá jẹ́ pé àdúgbò ló dáwó ra igi rẹ̀. Ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti so báńnà, iná tàbí rìbọ́nì mọ́ ọn. Òfin nìyẹn, ṣùgbọ́n ikú tó wà níbẹ̀ ló ń kó mi lọ́kàn sókè ju òfin lọ. Waya tó ń bọ̀ wá sílé wa gbé nǹkan bíi fóòlìtì 230, ìyẹn tó láti pa èèyàn. Waya òkè tó ń lọ sí tiransifọ́mà gbé 11,000, nígbà mìíràn 33,000. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ní rọ́bà lára, ìhòòhò ni wọ́n wà, tòkè ò sì dúró de kí ẹ fọwọ́ kàn án kó tó fo mọ́ yín. Rìbọ́nì dídán tí ẹ rà ní Dùgbẹ̀ ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára, òun ló ń mú un dán. Bí atẹ́gùn ọyẹ́ bá gbé ìkangun rẹ̀ kan waya, tí ìkangun kejì sì wà lọ́wọ́ ọmọdé tàbí lára géètì onírin, iná ti rí ọ̀nà nìyẹn. Àkàbà onírin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fa iná láti orí òpó láìgba inú mítà kọjá, kí ọ̀ṣọ́ ọdún lè tàn mọ́jú, olè iná ni lójú òfin, wọ́n sì lè gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Òpó iná ojú pópó tí ìjọba rì náà kì í ṣe ibi tí a ń so nǹkan mọ́.

Inú ọgbà yín ni kí iná yín ti wá. Ẹ wo ibi tí ẹ ti so waya pọ̀. Bí ẹ bá bó waya méjì, tí ẹ lọ́ wọn pọ̀, tí ẹ fi nylon wé e, òjò kan tàbí ìrì òwúrọ̀ kan ti tó. Ẹ lo téèpù waya, kí ẹ gbé ibi ìsopọ̀ náà kúrò nílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ dorí kodò kí omi má bàa ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹ má so okùn iná mẹ́fà mọ́ ara wọn sórí ẹsiténṣàn kan ṣoṣo. Waya wọn tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹni tó bá fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ á gbọ́ bó ṣe ń gbóná. Ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ pa mítà, ẹ má da omi sí i, ẹ pe 615, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, owó kì í lọ lórí ìpè náà.

Báńgà kò sí lára ọ̀ṣọ́. Ohun abúgbàù ni, ọdọọdún sì ni ọlọ́pàá ń kéde pé àwọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ohun abúgbàù lè ṣe láàárín ilé gbígbé lẹ́yìn ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ní Bódìjà. Báńgà kọ́ ló bú níbẹ̀. Gómìnà ní ohun abúgbàù àwọn awakùsà tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé ni. Àmọ́ ẹni tó ń kó páálí báńgà sí yàrá ẹ̀yìn kó lè tà á lọ́dún, ìwà kan náà ló ń hù sí aládùúgbò rẹ̀.

Kí ni ọ̀rọ̀ tó wà lára ọ̀ṣọ́ náà ń sọ? Èyí náà ń yí òfin padà. Báńnà tó ní “Ẹ kú ọdún o, láti ọ̀dọ̀ ẹbí wa” lórí ògiri yín jẹ́ ìkíni. Bó bá di “Ẹ kú ọdún o, ẹ wá ra àgbò lọ́dọ̀ wa”, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀, ó ti di ìpolówó ọjà, ìpolówó ìta gbangba sì ní ìwé àṣẹ àti owó tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ lágbára lórí rẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o, OYSAA. Olóṣèlú tó fi fọ́tò ara rẹ̀ kí yín kú ọdún lórí ògiri yín ń polówó ara rẹ̀. Bí ẹ kò bá fún un láyè, ògiri yín ni, ẹ yọ ọ́.

Ẹ tọ́jú àsíá ilẹ̀ wa. Òfin kò gbà kéèyàn gbé àsíá tó ti fàya tàbí tó ti ṣá kọ́, nítorí náà èyí tí oòrùn ti jẹ láti ọdún tó kọjá kò yẹ lórí géètì. Táíwò Akínkúnmi tó ya àsíá náà, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ìlú yìí náà ló ń gbé títí ó fi kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àwọ̀ ewé àti funfun ló sì fi kun ilé rẹ̀. Kò sí òfin tó ní kéèyàn má kun ilé ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí orin tó ń bá iná ọdún rìn, ìlànà ariwo tí NESREA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, gbé jáde ní ọdún 2009 ka aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà ìdájí sí òru, ìwọ̀n ariwo tí wọ́n sì gbà láyè nílé gbígbé lásìkò yẹn kéré gan-an.

Ẹgbẹ́ onílé ńkọ́? Àdéhùn ni agbára wọn. Bí ẹ bá ra ilé sí ẹ́síteètì tí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé òfin wọn, òfin náà mú yín, bó bá tiẹ̀ ní àwọ̀ iná funfun nìkan ni kí gbogbo ilé lò. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí nǹkan kan, ìpinnu ìpàdé oṣooṣù kò lè di owó ìtanràn lórí yín. Ẹgbẹ́ kò lè ti géètì mọ́ yín, kò sì lè wọ inú ọgbà yín wá já iná. Èyí tí mo kórìíra jù ni òfin tó fàyè gba ọ̀ṣọ́ Kérésì tó sì ní kí ti Ìtúnnu Àwẹ̀ má yọjú, tàbí èyí tó yí i padà. Ní ìlú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹ nínú àwo kan nílé ẹbí kan náà, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá ìpàdé àkọ́kọ́. Ẹ dìde sọ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé ìpàdé.

Ó ku àwọn tó máa ń kan géètì pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí ẹ san owó ọ̀ṣọ́. Òfin àpapọ̀ kan jáde ní ọdún 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà sójú ìwé. Lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, owó ayẹyẹ àti dídí ọ̀nà wà nínú rẹ̀, owó pátákó àti ìpolówó wà nínú rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka owó ọ̀ṣọ́ ilé gbígbé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ̀: owó wo nínú àwọn wọ̀nyí ni? Ìjọba ìbílẹ̀ wo ló rán yín? Káàdì ìdánimọ̀ yín dà? Bí wọ́n bá ní ẹ ti dí ọ̀nà, ẹ bá wọn jáde, kí wọ́n fi ibi tí ẹ dí hàn yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Bí òótọ́ ni, ẹ gbé nǹkan náà wọlé lójú wọn. Bí wọ́n bá ṣì ní kí ẹ sanwó, ẹ gba ìwé náà, ẹ má fi owó sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka owó-orí ní sẹkiteríàtì ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ kejì, kí ẹ bèèrè bóyá àwọn ló kọ ọ́, kí ẹ sì san ohun tó bá tọ́ sí akáǹtì ìjọba ní báńkì, kí ẹ gba rìsíìtì.